Abẹ́rẹ́ ló ba èjìká mi jẹ́, ṣé mo lè gba owó gbà-má-bínú?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, télọ̀ ni mí ní Ṣàgámù. Oṣù tó kọjá ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀, mo wá lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba kan, nọ́ọ̀sì yẹn ò ní kí n ká apá bùbá mi sókè o, ọrùn bùbá náà ló kàn fà sílẹ̀ tó gún un sókè níbi eegun èjìká gan-an, látalẹ́ ọjọ́ náà mi ò lè gbọ́wọ́ sókè wé gèlè, ká má tíì sọ pé mo fẹ́ gé aṣọ. Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà ní ìjọba tọ̀hún ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀, ọdún 3 lèèyàn ní láti fi béèrè. Tiwa ńkọ́? Ẹnì kan ní tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣe èèyàn léṣe, oṣù 3 péré ni mo ní láti fi pè wọ́n lẹ́jọ́, ṣé lóòótọ́ ni? Káàdì abẹ́rẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ti lọ bá Legal Aid (àjọ ìjọba tó ń bá aláìní gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́) rí, ẹ dákun, ṣé wọ́n máa ń gba irú ẹjọ́ yìí?