Pọ́ọ̀kì Kì Í Ṣe Bọ́ọ̀lù: Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Ìdíje Họ́kì Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti wo àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n dábàá fún ìdíje họ́kì orí yìnyín tí àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́wàá máa ń gbá láti ọjọ́ kejì Kérésìmesì wọ inú ọdún tuntun. Ọ̀pọ̀ ló dáa. Ṣùgbọ́n "bọ́ọ̀lù orí yìnyín", "ìdíje ọmọdé", "ẹ̀wọ̀n", "eré agbára", àti "ọfusáìdì" tí wọ́n fi pe ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, n ò lè fọwọ́ sí wọn.

Ohun roboto tó ń ta là ń pè ní bọ́ọ̀lù. Èyí tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín, pẹlẹbẹ ni, rọ́bà líle tó nípọn tó íǹṣì kan, tó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta, tó sì wọn nǹkan bíi 156 sí 170 gíráàmù. Inú fíríìsà ni wọ́n máa ń kó o sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí bó bá móoru, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, kò ní í yọ̀ geere mọ́. Ohun tí wọ́n dìídì mú kó tutù kó má baà ta, ṣé bọ́ọ̀lù náà la ó tún máa pè é? Pọ́ọ̀kì, láti inú "puck" Gẹ̀ẹ́sì, ni kó máa jẹ́. Ẹni tó dábàá "àkàrà rọ́bà" pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ kí ebi má lọ máa pa ẹni tó ń ka ìròyìn eré. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò tiẹ̀ ní wàhálà rárá: "gbá" tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà la fi ń gbá ilẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń fi ọ̀pá ti pọ́ọ̀kì nílẹ̀, ti ilẹ̀ gbígbá ló sún mọ́ jù. "Gbá pọ́ọ̀kì" tọ̀nà.

Ọ̀pá náà, ẹ má pè é ní igi. Káábọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ wọn báyìí. Ọ̀rọ̀ Jarome Iginla sì tún wà ńbẹ̀, ọmọ Kánádà tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀. Nínú ìdíje ọdún 1996 ní Boston, ó gbá márùn-ún sáwọ̀n, ó ṣètò méje fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀, Kánádà sì na Sweden 4–1 ní àṣekágbá. Ẹ wá kọ ọ́ pé Igi-ńlá fi igi gbá a wọlé, kí ẹ wo bí àwọn òǹkàwé yóò ṣe máa rẹ́rìn-ín! Ká kọ orúkọ rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, ká sì fi ọ̀pá sílẹ̀ ní ọ̀pá.

"Ọmọdé" kò bá wọn mu. Géńdé ni púpọ̀ nínú wọn. Ọdún ìbí ni wọ́n ń wò. Fún ìdíje tó parí ní Ottawa ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ẹni tí wọ́n bí ní 2005 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló lè gbá a. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní ọdún 2005 lè pé ogún ọdún nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ, nítorí náà "tí kò tíì pé ogún ọdún" kò fi gbogbo ara jẹ́ òótọ́. "Tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún ọdún lọ", tí àwọn oníròyìn ti ń lò tẹ́lẹ̀, gbà á dáadáa, bí a bá ti fi ọdún ìbí kún un. "Àwọn ọ̀dọ́" lásán tó fún àkọlé, àmọ́ ẹ rántí pé ìdíje àgbáyé ti ọlọ́dún méjìdínlógún wà lọ́tọ̀.

Ní ti "ẹ̀wọ̀n", tí wọ́n fi pe ìyà ẹni tó ṣẹ̀ sófin, tí wọ́n ní kó lọ jókòó síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ta ló ń ṣẹ̀wọ̀n ìṣẹ́jú méjì? Àtìmọ́lé ni. Bí àwọn alátakò bá gbá ọ̀kan sáwọ̀n kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, wọ́n á tú u sílẹ̀. Àtìmọ́lé oníṣẹ́jú márùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n gbá mẹ́ta sáwọ̀n, yóò ṣe é pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní pẹ́nárítì, torí họ́kì náà ní pẹ́nárítì tirẹ̀, tí ẹnì kan máa ń dá kojú asọ́lé. Fún odindi ẹgbẹ́ tí wọ́n yọ nínú ìdíje, "lé kúrò" ni. Bí wọ́n ṣe ṣe fún Kánádà àti Soviet Union nìyẹn ní Piešťany, ní Czechoslovakia ìgbà náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1987, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló wọ̀yá ìjà, tí wọ́n paná pápá mọ́ wọn lórí, síbẹ̀ tí ìjà ò parí. Finland ló gba góòlù lọ́dún náà.

"Eré agbára", tí wọ́n fi túmọ̀ "power play", ìyẹn ìgbà tí ẹnì kan nínú àwọn alátakò wà látìmọ́lé, kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Agbára ẹnikẹ́ni kò lé sí i. Ẹnì kan ló dín lọ́hùn-ún. "Wọ́n ń fi márùn-ún bá mẹ́rin gbá" yé kedere, bí ẹ bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "àkókò ẹnì-kan-dín". Bí méjì bá wà látìmọ́lé, ó di "ẹni-méjì-dín".

Ọ̀rọ̀ ọfusáìdì ló ṣòro jù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ṣáájú pọ́ọ̀kì kọjá ìlà aláwọ̀ búlúù tó pààlà sí ìhà àwọn alátakò. Kì í ṣe ẹ̀yìn agbábọ́ọ̀lù kankan la fi ń wọ̀n ọ́n bíi ti orí kóríko. Ìlà náà kì í kúrò lójú kan. Ìkejì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "icing", ni ti ẹni tó dúró ní ìdajì pápá tiwọn, tó gbá pọ́ọ̀kì títí tó fi kọjá ìlà ojú ilé àwọn alátakò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. "Àgbádànù" ni mo dábàá. Ìyà rẹ̀ ni pé ìtòsí ojú ilé tiwọn ni wọ́n ti máa tún eré bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ àwọn tó wà lórí yìnyín. Ìyà gidi nìyẹn nínú eré tí wọ́n ti ń pààrọ̀ èèyàn kó tó pé ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan lè wí pé àwọn tó wà ní ẹnì-kan-dín lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá a dànù, pé "dànù" yóò dà bí ẹ̀sùn. Wọ́n gbá a dànù náà ni. Òfin kàn gbà wọ́n láàyè ni.

Kí wọ́n yọ "ọ̀mì" kúrò nínú àkójọ náà. Kò sí ọ̀mì nínú ìdíje yìí. Ẹni tó borí láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú gba àmì mẹ́ta. Bó bá di àfikún àkókò, ẹni tó borí gba méjì, ẹni tó fìdí rẹmi gba ọ̀kan. Nítorí náà, kí oníròyìn má kàn kọ "wọ́n borí" kó dúró síbẹ̀. Kó sọ bóyá nínú àfikún àkókò ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkàwé ò ní mọ iye àmì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní.