Fífọ nọ́súlù ọkọ̀: ṣé nílé ni, àbí lọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ?

Olùkọ́, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla 2005 ni mò ń wà. Lásìkò tí epo wọ́n, tí à ń ra ti inú kẹ́ẹ̀gì létí títì, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí mo bá ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tí mo bá tẹ iná, á kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀, á tún wá já síwájú lójijì. Iná check engine tàn, kò sì kú mọ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ bó ṣe ń dún ló ń sọ pé nọ́súlù, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló dọ̀tí, kí n ra kẹ́míkà kí n fọ̀ ọ́ nílé.

Àbúrò mi tó ń ṣe rìwáyà ló ní ká ṣe sùúrù. Ó so skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mọ́ ọn, P0302 ló gbé jáde: epo inú sílíńdà kejì kò jóná dáadáa. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Nọ́ńbà yẹn kò dárúkọ nọ́súlù. Púlọ́ọ̀gì lè fà á, kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná lè fà á, wáyà tó bó lè fà á. Àbúrò mi yọ kọ́ìlì ìkejì, ó fi ti ìkẹta pààrọ̀ rẹ̀, ó pa nọ́ńbà náà rẹ́, a wa ọkọ̀ dé Ọ̀jọ́ọ̀, a padà. P0302 náà ni. Ó ṣe púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, P0302 náà ni. Ìgbà tó gbé nọ́súlù ìkejì sí ipò ìkẹta ni skánà tó wá ń pe P0303. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé nọ́súlù ni lóòótọ́.

Kó tó tú ohunkóhun níbẹ̀, ó yọ rìlé tó ń gbé iná lọ fún pọ́ńpù epo, ó sì ṣíná ọkọ̀ kó lè jó epo tó kù nínú páìpù títí tó fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ má fo èyí o. Epo inú ọ̀pá tó ń pín in fún àwọn nọ́súlù Corolla yìí ní agbára tó tó 44 sí 50 psi, ó ju afẹ́fẹ́ inú táyà yín lọ. Ẹni tó bá tú u bẹ́ẹ̀, epo á fọ́n sí i lójú, á sì fọ́n sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bá ọkùnrin kan ní agbègbè Gate tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nọ́súlù wò. Kó tó fọ̀ wọ́n rárá, ó to wọ́n sórí ẹ̀rọ náà, ife gíláàsì gígùn wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ń fọ́n ìkùukùu funfun tó tàn káàkiri ẹnu ife. Ti ìkejì ń da okùn tín-ínrín kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́, ó ń gba ara gíláàsì sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó sì pa ẹ̀rọ náà, ẹ̀kán kan ṣì rọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. A wo àwọn ife: tirẹ̀ kò ju ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú rí ohun tó ń lọ nínú ẹ́ńjìnnì.

Ó wá rì wọ́n sínú kẹ́míkà, nínú agbada kan tí ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ń mì. Bó ṣe ń mì wọ́n ni ẹ̀rọ ń ṣí wọn, tó ń pa wọ́n dé. Lẹ́yìn náà ló fa asẹ́ kékeré tó wà lórí wọn yọ. Ti ìkejì dúdú, nǹkan bí iyanrìn sì jókòó sí ìdí rẹ̀. Ó fi asẹ́ tuntun àti rọ́bà tuntun sí gbogbo wọn, ó dá wọn padà sórí ẹ̀rọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ojú ìlà kan náà nínú ife. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ mi kò gbọ̀n mọ́.

Ohun tí mo sanwó fún gan-an, lójú tèmi, ni àwọn ife yẹn. Kẹ́míkà wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni lè rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ nọ́súlù nílé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí tó fọ̀ ń tú iye epo kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Mẹkáníìkì, Muṣin

Ẹ ṣeun, tíṣà. Àbúrò yín mọṣẹ́. Ẹ̀rọ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà ti bátìrì náà, torí ọkọ̀ kì í yan ibi tó máa kú sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, kó tiẹ̀ mọ bó ṣe rí.

Wọ́n á fi rọ́bà so ìdí nọ́súlù mọ́ agolo kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀, wọ́n á wá fi wáyà méjì kan bátìrì kí ojú rẹ̀ lè ṣí. Kí wáyà kàn án kó sì kúrò lójú ẹsẹ̀ ni mo wí. Nínú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣí nọ́súlù ju ìwọ̀nba mílísẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá so ó mọ́ bátìrì 12V tí ẹ fi í sílẹ̀, kọ́ìlì inú rẹ̀ á gbóná, á jó. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí kọ́ìlì yẹn ṣe ń dí iná lọ́wọ́: ti Corolla tíṣà máa ń tó nǹkan bíi 14 ohm, ó ṣì lè mú un mọ́ra díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí tiwọn jẹ́ 2 tàbí 3 ohm, ìyẹn kì í pẹ́ jó rárá. Ẹ sì rántí pé wáyà tó ń kan bátìrì ń ta iná pàràpàrà, kẹ́míkà inú agolo sì ń wá ohun tó máa ràn án. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí bátìrì jìnnà sí ibi tí kẹ́míkà ń tú sí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú ihò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un! Bí wọ́n ṣe lu ihò yẹn ló ń jẹ́ kí epo fọ́n kó má ṣe da. Tí abẹ́rẹ́ bá ti fẹ̀ ẹ́, kò sí kẹ́míkà tó máa tún un ṣe.

Rọ́bà ńkọ́? Èyí tó ti wà nínú ẹ́ńjìnnì látọjọ́ ti le, ó ti pẹlẹbẹ. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá fún mi tí iwájú rẹ̀ ti jó, rọ́bà àtijọ́ tí wọ́n dá padà ló ń jò epo sórí ẹ́ńjìnnì. Owó rọ́bà kò tó nǹkan. Tí ẹ bá dá gbogbo rẹ̀ padà tán, ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìṣíná, kí pọ́ńpù ti epo wá bí irú ọkọ̀ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí epo níbẹ̀, ẹ má ṣíná.

Ẹ rántí February 2022, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé methanol, irú ọtí kẹ́míkà kan, pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú epo tí wọ́n kó wọ̀lú. Àwọn oníbàárà ń sáré wá fọ nọ́súlù, wọ́n á sì tún padà wá, torí epo yẹn ṣì wà nínú táǹkì. Táǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, kí ẹ yọ pọ́ńpù wò, kí ẹ pààrọ̀ asẹ́ epo, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ nọ́súlù. Mo ṣì ń sọ ọ́ fáwọn tó ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì títí dòní.

Onímọ́tò akérò, Ìjẹ̀bú-Òde

Dísù ni tèmi, bọ́ọ̀sì common rail, irú èyí tí páìpù kan ṣoṣo ń pín epo fún gbogbo nọ́súlù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo dísù, ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn rárá. Agbára tó wà nínú páìpù tiwa lè ju 20,000 psi lọ. Tó bá jò sí èèyàn lọ́wọ́, á gún awọ wọ inú ẹran, ojú ọgbẹ́ á sì dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún lásán. Ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú nọ́súlù yìí ló tún ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Níbí, láti 1995 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa po kẹ́míkà tó ń fọ ìdọ̀tí mọ́ epo tí wọ́n ń tà, nítorí náà èmi kì í sábà gbọ́ ẹjọ́ nọ́súlù. Èyí tí mò ń rà fún ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo ni ti inú ìgò tí wọ́n kọ PEA, orúkọ kẹ́míkà kan tó ń fọ ìdọ̀tí, sí lára. Ó máa ń dà á sínú táǹkì nígbà tó bá fẹ́ ra epo, á wá ra epo lé e kí wọ́n lè pò mọ́ra. Ìyẹn ni mo gbà pé èèyàn lè ṣe nílé láìsí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kò lè ṣí asẹ́ tó ti dí, kò sì lè jí kọ́ìlì tó ti jó dìde. Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, agbára irú rẹ̀ lè ju 2,000 psi lọ, oníṣẹ́ nìkan ni mo ń jẹ́ kó fọwọ́ kan án.

Akọ̀wé, Abẹ́òkúta

Mo ti ka ọ̀rọ̀ tíṣà, mo sì ní kí mẹkáníìkì mi pààrọ̀ kọ́ìlì bí àbúrò wọn ṣe ṣe é. P0304 tèmi di P0301, kọ́ìlì ni, a kò tú nọ́súlù mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìyàwó mi, nọ́súlù ni tiẹ̀ dájú. Ta ló mọ ẹni tó ní ẹ̀rọ oní-ife yẹn ní Abẹ́òkúta tàbí Ṣàgámù, tó sì ń jẹ́ kí èèyàn dúró wò ó nígbà tó bá ń dán an wò?