Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ẹrù ìrìn DofE fún ọmọ méjì, báwo la ṣe lè rà á láìjẹ gbèsè?

Màmá Tòmísìn (Croydon)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi méjì ló fẹ́ ṣe DofE (Duke of Edinburgh's Award), ètò àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìrìn ẹsẹ̀ àti sísùn nínú àgọ́ nínú; Bronze ni ìpele àkọ́kọ́, Silver ni ìkejì. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 15, Silver ni tiẹ̀. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 14, Bronze ló máa ṣe. Ìrìn àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀, oṣù kẹsàn-án la sì wà yìí. Ilé ìwé ti fi ìwé ẹrù ránṣẹ́: àpò ẹ̀yìn lítà 65, sleeping bag, ẹní fóòmù, bàtà ìrìn òkè, jákẹ́ẹ̀tì òjò, ṣòkòtò òjò, tọ́ọ̀ṣì orí, abọ́, ṣíbí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ro owó rẹ̀ pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ó sún mọ́ £400 fún ọmọ kan. Gbogbo ibi tí mo yíjú sí ni wọ́n kọ gbànjo sí. Ṣọ́ọ̀bù kan ní kí n wá gba káàdì, òmíràn ní òun á fún mi ní pọ́ìntì. Èwo ló ń dín owó kù lóòótọ́ nínú wọn, èwo sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, bóyá ìyẹn wúlò.

Bàbá Àrẹ̀mú (Leeds)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, màmá. Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ tó ń bójú tó DofE, kí ẹ bi í ohun tí wọ́n ń yá àwọn ọmọ. Àgọ́, sítóòfù, gáàsì àti ìkòkò kì í sábà jẹ́ ẹrù òbí: ọmọ mẹ́rin sí méje ló ń rìn pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n á pín àgọ́ láàárín ara wọn, ilé ìwé tàbí àwọn tó ń darí ìrìn náà ló sì máa ń kó o wá. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tún ní àpò ẹ̀yìn àti ẹní nínú yàrá ẹrù wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n ń fún, tó bá fi máa di oṣù kẹta, ó ti tán.

Ẹ tún wo iye ìgbà tí wọ́n máa lò ó. Bronze jẹ́ ọjọ́ méjì àti òru kan, Silver jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta àti òru méjì, ìrìn ìdánrawò á sì ṣáájú ìrìn gidi. Àpò ẹ̀yìn £120 fún ìwọ̀nba òru bẹ́ẹ̀, ẹ̀dínwó wo ló fẹ́ tó o? Ẹ yá a.

Kí ẹ sì béèrè ọjọ́ ìrìn àwọn méjèèjì. Tí ti Bronze àti ti Silver ò bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, sleeping bag kan, àpò kan, tọ́ọ̀ṣì kan ti tó fún wọn. Ìyẹn ti gé owó ńlá kúrò kí ẹ tó dé ọ̀rọ̀ káàdì rárá.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Bàbá Àrẹ̀mú ti sọ ọ́. Ohun tó kù tó yẹ kí ẹ fi owó gidi rà ni bàtà, jákẹ́ẹ̀tì òjò àti sleeping bag. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa wá ẹ̀dínwó. Ìyókù, èyí tó bá pọ́kú jù ni kí ẹ mú. Abọ́ ike ilé yín náà ni abọ́. Aṣọ eré ìdárayá ilé ìwé náà ni aṣọ ìrìn. Jeans nìkan ni kí wọ́n má wọ̀: tó bá ti mu omi, á wúwo, kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀.

Ní ti jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má wo àwòrán òkè tó wà lára rẹ̀, ẹ ka àlẹ̀mọ́ inú. "Waterproof" yàtọ̀ sí "water resistant" àti "showerproof". Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ò lè gba òjò ọjọ́ kan gbáko. Ẹ wá nọ́ńbà mílímítà, èyí tó ń sọ bí aṣọ náà ṣe lè dá omi dúró tó. 5,000 kéré, torí okùn àpò tó ń tẹ èjìká á máa fún omi wọlé. 10,000 dára tó. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sódì kí ẹ wò ó bóyá téèpù bo gbogbo ojú rírán, torí ihò tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá náà ni omi ń gbà. Jákẹ́ẹ̀tì £40 tó ní téèpù sàn ju ti £150 tí wọ́n já wálẹ̀ sí £70 tí kò ní.

Sleeping bag máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta lára: comfort, limit àti extreme. Àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn láti kọ èyí tó tutù jù gàdàgbà síwájú àpò. Extreme, ìwọ̀n tí òtútù ò fi ní pa ènìyàn ni o, kì í ṣe ìwọ̀n tí ènìyàn fi lè sùn. Comfort ni kí ẹ wò. Fún oṣù kẹrin, kó wà láàárín 0°C sí 5°C. Ẹ má ra èyí tó jẹ́ ìyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án kò mú ooru mọ́, owó rẹ̀ sì ga.

Dèjì Oníṣirò (Manchester)

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ káàdì wò, màmá.

Ṣọ́ọ̀bù ẹrù ìta kan, GO Outdoors, ní káàdì £5 lọ́dún, iye méjì ló sì máa ń wà lára ọjà wọn: ti ẹni tó ní káàdì àti ti ẹni tí kò ní. Bàtà kan ṣoṣo lè dá £5 yẹn padà. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rajà gan-an ni kí ẹ gbà á, kí oṣù má baà jẹ ẹ́ lásán, kí ẹ sì kó ọjà ọmọ méjèèjì sínú ọdún kan náà. Iye tí káàdì fún yín ni kí ẹ fi wé ti ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ẹ gbàgbé èyí tó ga.

Decathlon, ṣọ́ọ̀bù ẹrù eré ìdárayá, ò gba owó ìforúkọsílẹ̀. Pọ́ìntì wọn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ dárúkọ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 365 láti dá ohun tí kò tíì lò padà. Fún ọmọ tó ń ga bí ìgbà tí wọ́n ń fà á, ìyẹn ju ẹ̀dínwó lọ: ẹ lè rà á ní gbànjo oṣù kọkànlá, tí kò bá bá a mu mọ́ ní oṣù kejì, ẹ dá a padà.

Pọ́ìntì níbikíbi, ẹ̀ẹ̀ní ni. A kì í sì í tìtorí ẹ̀ẹ̀ní ra gààrí. Ẹ yí i padà sí owó kí ẹ tó yọ̀. Ká ní £1 jẹ́ pọ́ìntì kan, pọ́ìntì 100 sì jẹ́ £2: ẹ̀dínwó 2% péré nìyẹn, ọjà ẹ̀ẹ̀kejì lẹ tó máa rí i lò, ó sì lè ní ọjọ́ tó máa kú. Tí ṣọ́ọ̀bù kejì bá fi £5 dín sí i lórí bàtà £80, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Iṣẹ́ care yín wúlò gan-an. Blue Light Card, káàdì ẹ̀dínwó kan, gba àwọn òṣìṣẹ́ NHS (ètò ìlera ìjọba) àti àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú. £4.99 ni fún ọdún méjì, ẹ ó fi payslip tàbí káàdì ibi iṣẹ́ hàn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹrù ìta wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iye ẹ̀dínwó ń yí padà, nítorí náà ojú app wọn ni kí ẹ wò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Àwọn ọmọ náà, tí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ ní DofE, ní káàdì DofE tiwọn. Orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń gbà á wà lójú ìkànnì DofE.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n rò pé wọ́n lè to gbogbo ẹ̀ jọ. Kóòdù káàdì kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí ọjà tó ti wà ní gbànjo, ṣọ́ọ̀bù kì í sì í gba káàdì méjì pọ̀. Kódà níbi tí wọ́n bá ti gbà á, 20% àti 10% kì í ṣe 30%. £100 á di £80, 10% lórí £80 jẹ́ £8, ẹ ó san £72.

Sísì Bọ́lá (Birmingham)

Bọ̀dá Dèjì, cashback ńkọ́? Àti àwọn tó ń kọ "70% off" látọdún dé ọdún?

Dèjì Oníṣirò (Manchester)

Cashback ni owó díẹ̀ tí ìkànnì kan máa ń dá padà fún yín tí ẹ bá gba ojú rẹ̀ lọ rajà; TopCashback àti Quidco ni wọ́n mọ̀ jù níbí. Òun nìkan ló máa ń gun orí gbànjo láìjà. Láti ojú ìkànnì wọn ni kí ẹ ti tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gba cookies, kí ẹ pa ad blocker (ohun tó ń dí ìpolówó), kí ẹ sì sanwó nínú fèrèsé kan náà. Tí ẹ bá fi kóòdù tí ẹ rí níbòmíràn sí i, wọ́n lè fagi lé e. Lórí iye tí wọ́n ti yọ VAT kúrò ni wọ́n sábà ń ṣírò rẹ̀: £72 yẹn láìsí VAT jẹ́ £60, 5% rẹ̀ jẹ́ £3. Ó máa ń pẹ́ kó tó wọlé, torí wọ́n á dúró kí àsìkò ìdápadà kọjá. Ẹ má kà á mọ́ owó ọwọ́.

Ní ti "70% off": ẹ béèrè pé 70% lára kí ni? Iye tí ilé iṣẹ́ dá ni, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tà á ní iye yẹn rí. Ẹ kọ orúkọ ọjà náà gan-an sílẹ̀, kì í ṣe "jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù", kí ẹ wá a ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, kí ẹ ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti Amazon, ìkànnì camelcamelcamel á fi ìtàn owó rẹ̀ hàn yín. Gbànjo gidi ni àwọ̀ ọdún tó kọjá: jákẹ́ẹ̀tì kan náà, téèpù kan náà, pupa ló di àwọ̀ ewé.

Àsìkò yín dára. Láti ìsinsìnyí dé oṣù kẹwàá, wọ́n ń kó ẹrù ẹ̀ẹ̀rùn kúrò nílẹ̀: sleeping bag, ẹní, àpò. Jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà, ẹ dúró de Black Friday, gbànjo oṣù kọkànlá, tàbí gbànjo tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. Oṣù kẹta ló burú jù, torí ọjà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo òbí DofE sì ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà.

Fẹ́mi Alálòkù (Glasgow)

Ẹ kò tíì mẹ́nu ba òkìríkà! Ọmọ tó ṣe Bronze lọ́dún yìí, ẹrù rẹ̀ ti wà báyìí lórí Vinted, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń ta àlòkù. Ẹ wá "DofE rucksack 65". Àpò ẹ̀yìn, ṣòkòtò òjò, tọ́ọ̀ṣì, wọ́n dára ní àlòkù. Ẹ wo síìpù, ìdè ìgbáyà àti bẹ́líìtì ìbàdí, kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ìsàlẹ̀ inú àpò.

Ohun tó ń ba àlòkù jẹ́ ni ọjọ́ orí, kì í ṣe ìlò nìkan. Ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé máa ń jẹrà níbi tí wọ́n ká a sí: inú jákẹ́ẹ̀tì á máa ṣí bí èépá, inú àgọ́ tàbí àpò á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì máa rùn. Kò sí ọṣẹ tó ń wò ó. Bàtà náà bẹ́ẹ̀: fóòmù tó wà láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè fọ́ wẹ́wẹ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kódà kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá là, ẹ fi sílẹ̀. Lórí Vinted, ọjọ́ méjì péré lẹ ní láti fẹjọ́ sùn wọ́n lẹ́yìn tí ẹrù bá dé, ẹ tú u lọ́jọ́ tó bá dé. Ọjọ́ 14 tí òfin fi gba ènìyàn láyè láti yí ọkàn padà, ọjà tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ló wà fún, kò bá ẹni tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀ wí.

Màmá Tòmísìn (Croydon)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bù kún yín. Bàtà ló kù tó ń dààmú mi. Nọ́ńbà 5 ni àbúrò ń wọ̀ báyìí. Ṣé kí n ra 7 kó lè lò ó dé Silver?

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Rárá o, màmá. Bàtà tó tóbi jù á máa fi gìgísẹ̀ gún sókè sódò, ẹsẹ̀ á sì bó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ nínípọn. Kó ti ẹsẹ̀ síwájú kí okùn tó dè; tí ìka kan bá wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, ó tó. Kó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle tí wọ́n ní níbẹ̀: ọmọ ìka ẹsẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan iwájú. Ẹ kọ orúkọ bàtà àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá lọ wá ibi tó ti pọ́kú.

Bàbá Àrẹ̀mú (Leeds)

Mo ta kò yín díẹ̀ níbẹ̀, Ìyá Ìbejì. Tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ti fi ìdajì wákàtí wọn ẹsẹ̀ ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n á gba iye tí ẹ rí níbòmíràn. Wọ́n sábà máa ń gbà tí ẹ bá fi hàn wọ́n lórí fóònù.

Nítorí pé nọ́ńbà 5 ni, ẹ wo apá ọmọdé pẹ̀lú. Bàtà àti aṣọ ọmọdé ò ní VAT 20% lórí. Ọ̀pọ̀ bàtà ìrìn òkè ló ní ti ọmọdé dé nọ́ńbà yẹn. Kí ó sì ti máa wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé láti oṣù kejì, kó rọ̀ kí oṣù kẹrin tó dé. Inú ilé ni kó ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, lórí kápẹ́ẹ̀tì, torí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti kan títì, kò ṣeé dá padà mọ́.

Sísì Bọ́lá (Birmingham)

Jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n wọn àtijọ́ ńkọ́, tí omi ti ń rin ín? Ṣé kí wọ́n jù ú nù ni?

Fẹ́mi Alálòkù (Glasgow)

Tí inú rẹ̀ ò bá ṣí bí èépá, kò tíì kú. Ọṣẹ ìfọṣọ àti fabric softener ló pa ojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ àyè ọṣẹ inú ẹ̀rọ mọ́, kí ẹ fi Nikwax Tech Wash, ọṣẹ aṣọ òjò, fọ̀ ọ́, kí ẹ wá tún un fọ̀ pẹ̀lú TX.Direct, èyí tó ń jẹ́ kó tún máa lé omi, mílílítà 100 fún jákẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ ka àlẹ̀mọ́ kí ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Tó bá gbà, ooru kékeré ni. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi lé èjìká rẹ̀. Tí omi bá ń yí dànù bíi ti orí ewé kókò, ẹ ò nílò ra òmíràn fún un.