Oògùn ìrora tó ń pẹ́ lára ológbò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ìyá Dúdúyẹmí, Sùúrùlérè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò. Àná ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Dúdúyẹmí, ológbò mi, ní ilé ìwòsàn ẹranko kan nítòsí Ojúẹlẹ́gba. Wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, nítorí ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí i pé ara rẹ̀ fẹ́ ìsinmi. Kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló wọ̀n. Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹyọ kan náà yóò gbé e di ọjọ́ kejì. Mo gbé e padà lọ láàárọ̀ yìí fún èkejì, ó wá ku ẹ̀kẹta tí wọn yóò gún un lọ́la.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé láti ọ̀sán ni kò ti sùn. Ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú pátápátá. Ó ń kùn láìdákẹ́, ó ń fi ọwọ́ iwájú méjèèjì po àǹkárá tí mo tẹ́ fún un bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ó sì tọ́ ẹja rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì péré kó tó yíjú kúrò. Aládùúgbò mi kan, tó fẹ́ràn wa dénú, ní ìrora ló ń dà á láàmú, kí n po ìdajì hóró paracetamol mọ́ omi fún un. Nígbà tí mo pe àbúrò mi tó wà ní Houston, ó ní nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ológbò tirẹ̀, oògùn olómi kan ni wọ́n kán sí i ní ìpàkọ́, oògùn náà sì bá a dé ọjọ́ kẹrin láìsí abẹ́rẹ́ kankan. Báwo ni oògùn kan ṣe ń pẹ́ tó báyìí lára ẹranko tí kò ju kílò mẹ́ta lọ? Ṣé ìrora ni mo ń wò yìí ni, àbí oògùn náà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ìyá Dúdúyẹmí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní paracetamol, ìbáà ṣe ìdajì, ìbáà ṣe èérún rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí a ṣì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdúmọ̀tà, ọ̀kadà gbá akọ ológbò wa lẹ́sẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì fọ́ hóró kan sínú oúnjẹ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èrìgì rẹ̀ ti di àwọ̀ kòkó, ojú rẹ̀ àti ọwọ́ iwájú rẹ̀ wú, ó sì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó sáré wálé. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn kì bá tí pa á. Títí di òní, bí mo bá rí ẹnikẹ́ni tó ń wá oògùn ènìyàn fún ológbò, n kì í lè dákẹ́.

Dókítà Ẹran, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ànító èròjà tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn fi ń sọ paracetamol di ohun tí ara lè tọ̀ dànù. Májèlé tó bá kù sínú ara a máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé atẹ́gùn kiri mọ́, òun ló fa àwọ̀ kòkó tí ẹ rí nínú èrìgì rẹ̀. Hóró kan tó jẹ́ miligíráàmù 500 tó pa ológbò tó ti dàgbà.

Ìyá Dúdúyẹmí, ẹ kọ́kọ́ wo káàdì tí wọ́n fún yín, kí ẹ wo orúkọ oògùn náà. Oògùn méjì ló ṣeé ṣe kí wọ́n gún ológbò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta: buprenorphine tó lágbára, tàbí robenacoxib, oògùn tó ń dín ìrora àti ara wíwú kù. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ròyìn ọmọlójú tó fẹ̀, kíkùn àti pípo aṣọ, buprenorphine ni mo fura sí, nítorí bó ṣe máa ń ṣe ológbò gan-an nìyẹn. Ara máa ń yá gágá lọ́nà tó ya olówó rẹ̀ lẹ́nu, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wù ú, nígbà mìíràn ara rẹ̀ a sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn ni ẹ ń wò.

Ìbátan mọ́fíìnì ni buprenorphine. Bí ọgbẹ́ bá ń dunni, iṣan ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ, àwọn ojúkò kan sì wà lójú ọ̀nà yẹn tí irú oògùn yìí máa ń so mọ́ láti dá ìròyìn náà dúró. Ti buprenorphine yàtọ̀ ní ti pé bí ẹyẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ àtè ló ṣe ń lẹ̀ mọ́ ojúkò wọ̀nyí, tí kì í tètè jábọ́. Síbẹ̀, èyí tí a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, tó jẹ́ miligíráàmù 0.3 nínú mílílítà kan, kì í sábà ju wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ. Èyí tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún ológbò ní ọdún 2014 lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, miligíráàmù 1.8 nínú mílílítà kan. Abẹ́ awọ ni wọ́n ń gún un sí, ibẹ̀ ló sì ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wákàtí 24 yóò fi pé. Ọjọ́ mẹ́ta ni òpin rẹ̀.

Èyí tí wọ́n kán sí ìpàkọ́ ológbò àbúrò yín, bó bá jẹ́ èyí tí mo rò, buprenorphine náà ni. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni FDA fọwọ́ sí i. Miligíráàmù 20 ló wà nínú mílílítà kan rẹ̀, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n sì ti ń kán an, ní wákàtí kan sí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Omi tí wọ́n fi pò ó a gbẹ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án kó tó gbẹ, pàápàá ọmọdé. Oògùn náà á wá jókòó sínú ìpele òkè awọ ara. Ẹ wo táńkì omi tó wà lókè ilé wa ní Èkó níbí: wákàtí méjì tí iná fi wà ni a fi pọn omi sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀rọ fi ń sun ún fún wa. Awọ ọrùn ológbò ni táńkì yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò sì fi máa tú oògùn sínú ẹ̀jẹ̀.

Robenacoxib ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì jẹ́ ohun tó máa ń wú mi lórí. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń gbá a dànù, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró pẹ́ níbi tó wú, ní ojú ọgbẹ́ gan-an, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fi tó. Ọjọ́ mẹ́ta ni òpin tirẹ̀ náà. Oògùn kan tó ń jẹ́ meloxicam tún wà nínú ìdílé kan náà pẹ̀lú robenacoxib, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n gbà kí a gún un fún ológbò ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àtúngún rẹ̀ ti ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ ológbò jẹ́, àwọn mìíràn sì ti bá a lọ. Láti ọdún 2010 ni ìkìlọ̀ yẹn ti wà lára páálí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ má fi oògùn ìrora kankan lé èyí tó wà lára Dúdúyẹmí lórí láìbi dókítà yín.

Lálẹ́ òní, ẹ má jẹ́ kó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí ojú fèrèsé, torí pé ẹni tí ojú rẹ̀ fẹ̀ báyẹn kì í díwọ̀n ibi tó ń fò sí dáadáa. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táìlì níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí iná yàrá má sì mọ́lẹ̀ jù.

Ìyá Dúdúyẹmí, Sùúrùlérè:

Dókítà, ẹ ṣeun púpọ̀. Buprenorphine ló wà lórí káàdì. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ti da ìdajì hóró yẹn sínú ṣáláńgá, ẹ kú ìrántí ológbò yín. Ìbéèrè kan ló kù: bí oògùn bá tán lára rẹ̀ lóru, kí ni n ó fi mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé kì í ké?

Dókítà Ẹran, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:

Ojú rẹ̀ ni ẹ ó wò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Montréal ní Kánádà gbé ìwọ̀n kan jáde ní ọdún 2019 fún èyí. Ohun márùn-ún ni ẹ ó máa wò: bóyá etí ṣí sí ẹ̀gbẹ́ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, bóyá ó ń pa ojú dé díẹ̀, bóyá ẹnu àti imú rẹ̀ fún pọ̀, bóyá irun gígùn ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ nà ṣánṣán síwájú, àti bóyá orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èjìká lọ. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo, ení tàbí èjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó nílò ìtọ́jú sí i, kí ẹ pe dókítà yín lóru yẹn kan náà. Ìgbà tó bá jí sílẹ̀ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni kí ẹ wò ó, kì í ṣe ìgbà tó ń jẹun tàbí tó ń lá ara rẹ̀.

Ìyá Dúdúyẹmí, Sùúrùlérè:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì tí mo kọ sí ògiri kó má bàa wọ̀ ọ́ lójú. Etí rẹ̀ nà sókè, orí rẹ̀ ò rẹlẹ̀, irun imú rẹ̀ rọ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló fún díẹ̀, mo fún un ní ení. Ó ti jẹ ẹja díẹ̀ sí i. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni n ó tún wò ó, lẹ́yìn náà ó di aago mẹ́ta òru.