Dẹ́rẹ́bà mi fi bọ́ọ̀sì búrẹ́dì rọ́ lu mọ́tò onímọ́tò: ta ni yóò san án?

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, orí mi ti gbóná láti àárọ̀. Mo ń ṣe búrẹ́dì n'Íbàdàn, Vanette kan la fi ń gbé e fún àwọn oníbàárà. Ìdájí àná, òjò ń rọ̀, dẹ́rẹ́bà mi bá lọ rọ́ lu ẹ̀yìn Camry kan ní Ìwó Road. Bọ́ńpà já, búùtù wọnú, iná ẹ̀yìn méjèèjì fọ́. Iwájú Vanette tèmi náà run, búrẹ́dì tutù rin gbingbin. Ọmọ tó ń bá a já ọjà fara pa lápá.

Mo ní ìnṣọ́ránsì, third party. Ẹni tó ń bá mi ṣe pépà mọ́tò ló rà á fún mi, 15,000 náírà. Nígbà tí mo pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, wọ́n ní àwọn ò ní tún Vanette mi ṣe. Oní-Camry ń bèèrè 900,000, ó ní kí n kọ̀wé pé màá san án. Ṣé èmi ni yóò san án ni, àbí dẹ́rẹ́bà? Kí wá ni ìnṣọ́ránsì wà fún?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀mí ò lọ, ọpẹ́ ni. Ẹ má tíì kọ ìwé kankan o!

Alágbàtà Ìnṣọ́ránsì: Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí mà. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ẹni tí mọ́tò yín bá ṣe léṣe, tàbí dúkìá ẹni ẹlẹ́ni tó bá bàjẹ́, ni third party ń sanwó fún. Comprehensive ló ń tún mọ́tò tiyín ṣe, owó ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye mọ́tò náà.

Ti oní-Camry gan-an ni third party wà fún, ṣùgbọ́n 15,000 yẹn bà mí lẹ́rù. Láti January 2023 tí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ti yí owó padà, mọ́tò àdáni ni 15,000 wà fún, wọ́n sì lè san tó mílíọ̀nù 3 lórí dúkìá tó bàjẹ́. Mọ́tò téèyàn fi ń kó ọjà ara ẹ̀, 20,000 ni, ó ń lọ dé mílíọ̀nù 5. Ẹ wo ìwé yín. Tó bá jẹ́ "private" ni wọ́n kọ, wọ́n lè bá yín jiyàn pé mọ́tò òwò kọ́ làwọn gbà. 5,000 péré ni ìyàtọ̀ o, ó dùn mí.

Ní ti dẹ́rẹ́bà, iṣẹ́ yín ló ń ṣe lọ́wọ́, torí náà oní-Camry lè pe ẹ̀yin náà lẹ́jọ́. Ẹ má sọ pé ẹ jẹ̀bi, ẹ má ṣèlérí owó. Àdéhùn ìnṣọ́ránsì kì í fẹ́ kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ sí i. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, ẹ ya fọ́tò, ẹ mú láísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà dání.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀jọ̀ọ́: Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà mọ́tò wò ó lórí askNIID, ìkànnì tí wọ́n fi ń yẹ ìnṣọ́ránsì mọ́tò wò, bóyá ojúlówó ni. Èmi ti ra ayédèrú rí lẹ́bàá ọ̀nà, ọjọ́ tí mo kọlu ọlọ́kadà kan ni mo tó mọ̀. Fíríìjì ilé mi ni mo tà fi san owó ọsibítù ẹ̀.

Àǹtí Akáǹtì: Ọmọ tó fara pa ńkọ́? Òṣìṣẹ́ yín ni, third party ò ká a. NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ló wà fún irú ẹ̀, láti ọdún 2010 tí wọ́n ti ṣòfin ẹ̀; ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ lagbanisíṣẹ́ ń san síbẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá tíì máa san án, ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú ẹ̀ o.

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ó jáde lórí askNIID, ojúlówó ni. Ṣùgbọ́n "private" ni wọ́n kọ. Ṣé kí n sọ fún wọn pé búrẹ́dì ni mo fi ń kó?

Alágbàtà Ìnṣọ́ránsì: Ẹ sọ òótọ́ mà. Wọ́n á ṣáà rí búrẹ́dì nínú fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n fèsì ní kíkọ. Bí wọ́n bá kọ̀ tẹ́ ẹ sì rí i pé kò tọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ NAICOM.

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ẹ ṣé gan-an sà. Mò ń lọ sí teṣàn báyìí. Màá yà kí ọmọ náà lọ́nà, wọ́n ti di apá ẹ̀.