Ẹrù àti bàtà Marathon des Sables: ó ti yanjú

Ẹ ṣé gan-an fún ìdáhùn yín. Ohun tí mo béèrè ni bí ẹrù eré sísá ọlọ́jọ́ púpọ̀ yìí nínú aṣálẹ̀ Mòrókò ṣe lè fúyẹ́.

Òfin ní kí àpò má dín ní kílò 6.5, kó má ju 15 lọ, láìka omi. Oúnjẹ òòjọ́ gbọ́dọ̀ tó kálórì 2,000. Ẹ̀pà ló borí: gíráàmù 100 ń fúnni ní bíi 570, ìrẹsì gbígbẹ bíi 360.

Iyanrìn gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ Velcro (ìdè tó ń lẹ̀ mọ́ra) tí gaiter, aṣọ tó ń bo bàtà kí iyanrìn má bàa wọlé, ń dì mọ́, ooru lè ṣí i. Kí aránbàtà rán an yí bàtà ká, kí òwú má yọ sínú, torí ibẹ̀ ni ìléròrò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á wú, ẹ fi ààyè sílẹ̀ níwájú.