Ọkọ àbúrò mi ní òun máa gba ọmọ torí òun ló ní ìwé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, Òkè-Fìà lémi wà. Àbúrò mi obìnrin bá ọkọ ẹ̀ lọ sí London, ọkọ ló gba físà iṣẹ́, àbúrò mi àti ọmọ méjì jẹ́ dependant, ìyẹn àwọn tó wà lábẹ́ físà ọkọ. Ọkùnrin yìí ti lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti pínyà, ó wá ń halẹ̀ pé òun máa kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà níbẹ̀, kí wọ́n lé e wálé, ọmọ á sì wà lọ́dọ̀ òun torí kò sí adájọ́ tó máa gbé ọmọ fún ẹni tí ò ní ìwé. Àbúrò mi ò róorun sùn mọ́. Màmá wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní kó rọra kó àwọn ọmọ wálé. Ṣé ìwé ló ń gba ọmọ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí. Ẹ bá mi bẹ màmá, kó má dán an wò o! Tí ò bá sí àṣẹ bàbá wọn tàbí ti kóòtù, ìwà ọ̀daràn ni láti gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, òfin ẹ̀ ti wà láti 1984.

Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà: Ọkọ yẹn ń parọ́. Children Act 1989 ni wọ́n ń lò ní England, ire ọmọ ladájọ́ máa kọ́kọ́ wò, ta ló ń wẹ̀ fún un, ta ló ń mú un lọ síléèwé, ṣé wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́. Child's Rights Act 2003 tiwa náà, ire ọmọ ló fi ṣáájú. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìwé o, ìgbéyàwó ló gbé físà dependant dúró, tó bá ti tú Home Office lè gé e kù sí 60 ọjọ́, adájọ́ á sì fẹ́ mọ ibi tí ìyá máa wà. Kó tètè wá lọ́yà immigration, kó tún wá ti family, ó lè máà jẹ́ ẹnì kan náà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Kó lọ sọ fún GP ẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ ládùúgbò, pé ọkọ lu òun, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó má sì pa mẹ́sééjì ìhalẹ̀ yẹn rẹ́. Ẹ̀rí yẹn ló lè jẹ́ kó rí legal aid gbà, ìrànlọ́wọ́ owó lọ́yà látọ̀dọ̀ ìjọba. Láti 2024, dependant tí ọkọ ń lù náà lè tọrọ àyè oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ Home Office, kó lè fi wá ọ̀nà míì.

Ẹ ṣé gan-an, omi ti ń bọ́ lójú mi. Ọwọ́ bàbá ni pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ wà o, tóun náà bá lọ kó wọn wálé ńkọ́?

Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà: Háà, ẹ yáa sáré! Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn Hague 1980 tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dá ọmọ tí òbí gbé sá lọ padà, tí wọ́n bá ti dé ibí, ó le kó tó rí wọn gbà. Kó sọ fún lọ́yà ẹ̀ lọ́la pé prohibited steps order lòun fẹ́, kóòtù á fi dá bàbá dúró.